Orúkọ Ẹwẹ́ka àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Wà nínú Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àtijọ́ a rí orúkọ mìíràn tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan tí ó bọ́ lẹ́nu ẹni náà ni ó bí i. Irú rẹ̀ ni orúkọ Ẹwẹ́ka, ẹni tí ìtàn sọ pé ó ṣe Ọba kìn-ín-ní nínú ìran tí ó wà lórí oyè ní Benin títí di òní.

Nínú ìwé tí Olóyè Jacob Egharevba kọ, tí ó jáde ní èdè Edo ní 1933 àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, a kà pé Ọ̀rànmíyàn ti Ifẹ̀ wá sí Benin, ó fẹ́ Erinmwinde, ó sì bí ọmọkùnrin kan. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ sú u, ó pe ìlú náà ní Ilẹ̀-Ìbínú, ó sì padà lọ. Ọmọ náà dàgbà, ṣùgbọ́n kò lè fọhùn. Nígbà náà ni baba rẹ̀ fi ọmọ ayò ránṣẹ́ sí i. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ta ayò tí ó sì bà á, ahọ́n rẹ̀ tú, ó kígbe pé, “Ọwọ́ mi ká a!” Igbe yìí ni ó di orúkọ oyè rẹ̀, tí àwọn Edo ń pè ní Ẹwẹ́ka.

Ẹ kíyèsí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ní ìtumọ̀ méjì. Ayò ni ọwọ́ ọmọ náà ká, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ìtàn náà mọ̀ pé ìjọba pàápàá ni ọwọ́ rẹ̀ ká.

Síbẹ̀, àwọn Edo náà ní ìtumọ̀ tiwọn. Nínú ìwé tí Ọba Erediauwa ti Benin tẹ̀ jáde ní 2004, ó wí pé Ekaladerhan, ọmọ Ogiso, ni ó sá dé Ifẹ̀, tí ó sì pe ara rẹ̀ ní Izoduwa, èyí tí í ṣe pé, “Mo ti yan ọ̀nà ọlà”. Orúkọ yìí ni ó ní àwọn Yorùbá sọ di Odùduwà. Àwọn ará Ifẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ a kò rí i pé olúkúlùkù ń fi èdè tirẹ̀ tú orúkọ ọmọ ẹlòmíràn? Yorùbá gbọ́ Yorùbá nínú orúkọ ọba Edo. Edo sì gbọ́ Edo nínú orúkọ baba Yorùbá. Ẹni tí ó bá túmọ̀ orúkọ ni ó ń sọ pé òun ni ó bí ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí ìró orúkọ méjì tilẹ̀ jọra, ìró nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, nítorí nígbà tí kò sí ìwé, eré ọ̀rọ̀ ni a fi so ìtàn mọ́ orúkọ kí ó má baà sọnù. Ìhà méjèèjì ni ó sì jẹ́wọ́ ohun kan, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó so ààfin Ifẹ̀ àti ti Benin pọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ orúkọ àtijọ́, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti bèèrè pé: ta ni ó sọ ọ́, èdè wo ni ó fi sọ ọ́, ọdún wo ni a sì kọ ọ́ sílẹ̀?