Àdúrà Ló Sọ Wọ́n Di Aṣáájú: Ìwádìí lórí Àwọn Ìjọ Aládùúrà ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn kan wọ èbúté Èkó. Kí ọdún náà tó parí, àrùn náà, tí wọ́n ń pè ní lùkúlùkú, ti ja ilé ká káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Dókítà òyìnbó kò ní oògùn rẹ̀, adáhunṣe kò sì rí i ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn mélòó kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà. Àgbà ìjọ kan, Joseph Ṣàdáre, ni wọ́n ń péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì, tí àrùn náà ti kọ́kọ́ dá dùbúlẹ̀, wá sọ pé òun gbọ́ ohùn: kí wọ́n máa fi àdúrà fún àwọn aláìsàn ní omi òjò mu. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò gba oyè kankan nínú ìjọ sọ̀rọ̀, àwọn àgbà sì tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe àwùjọ náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1922, wọ́n ti yà kúrò lára ìjọ Áńgílíkà.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí àwọn ìjọ wọ̀nyí. Iṣẹ́ H. W. Turner jáde ní 1967, ti J. D. Y. Peel ní 1968, ti Akin Ọmọyájowó lórí Kérúbù àti Séráfù sì jáde ní 1982. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn, ìran àti ìyapa ni àwọn tó ń ka ìwé wọ̀nyí sábà máa ń mú jáde. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ìjọ àwọn míṣọ́nárì, ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọni di katikíìsì, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń sọni di àlùfáà, àdúrà sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí àlùfáà yóò máa ṣe. Láàrin àwọn Aládùúrà, àdúrà ló ṣáájú. Ẹni tí àwọn ènìyàn bá ti rí i pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà rẹ̀, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé, oyè á sì wá bá a níbi tó wà.

Orúkọ wọn gan-an jẹ́rìí sí èyí. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà ‘àdúrà’ wọ èdè wa, láti ara èdè Lárúbáwá, kí ìjọ Kristẹni tó dé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n pe Orímọládé, aṣáájú Kérúbù àti Séráfù, ní Baba Aládùúrà, kò sẹ́ni tó nílò ìtumọ̀. Onífá, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló mọ ohun tí à ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ àdúrà gbà: ọmọ, ìlera, àlàáfíà.

Mósè Orímọládé Túnọláṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́, kò lè rìn dáadáa láti kékeré. Kò jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kankan. Síbẹ̀ ó rin ìrìn àjò ìwàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wọ Èkó ní 1924. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, nígbà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún Corpus Christi, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, bọ́ sínú ìran, kò sì tètè jí. Orímọládé ni wọ́n lọ pè. Ó gbàdúrà, ọmọ náà dìde, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Nínú àwọn èrò wọ̀nyẹn ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Abíọ́dún fúnra rẹ̀ kó àwọn oníwàásù sẹ́yìn, ó sì mú ẹgbẹ́ náà dé àwọn ìlú òkè ní 1927. Ìlú wo nígbà náà ni obìnrin ọjọ́ orí yẹn ti lè dúró ní ìta gbangba kó bá ọba àti ìjòyè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn Ọlọ́run, bí kì í bá ṣe pé wọ́n gbà pé ọwọ́ àdúrà wà lórí rẹ̀?

Ìṣòro náà kò pẹ́ yọjú. Bí ó bá jẹ́ pé àdúrà ló ń fi aṣáájú jẹ, ta ni yóò dá ẹjọ́ láàrin ẹni méjì tí àdúrà gbé dìde? Ní 1929, Orímọládé àti Abíọ́dún pínyà, ẹgbẹ́ sì di méjì. Orímọládé kú ní 1933. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka.

Ibi tí àdúrà ti sọ ìjọ di ti aráàlú jù lọ ni Ìjẹ̀ṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa rólà, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, fún ìjọba. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1928, ní ìtòsí Ìkéjì-Àràkéjì, ẹ̀rọ náà kọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì sọ pé òun gbọ́ ohùn tó ń pe òun. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Èrò láti ìlú jíjìn gbé akèrègbè wá láti bu omi tí ó gbàdúrà sí. Kò béèrè ìjọ tí aláìsàn ń lọ kó tó gbàdúrà fún un. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà nìyí: ìwàásù àwọn míṣọ́nárì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀kọ́, ti Babalọlá bẹ̀rẹ̀ láti inú àìní. Ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá ni a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ̀kọ́ Bíbélì á tẹ̀ lé e. Ìjọba kò fi ojú rere wo gbogbo rẹ̀. Ní 1932, wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn yìí gbọ́dọ̀ sọ apá tó dunni náà. Àwọn míṣọ́nárì Apostolic Church dé láti Britain ní 1931, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Babalọlá náà ti wà láàrin wọn, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuinín sí ibà, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó sì wà lára ohun tó fa ìyapa ọdún 1939 sí 1941. Ẹ̀ka kan dúró pẹ̀lú àwọn míṣọ́nárì. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó forúkọ sílẹ̀ ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church. Ìdúró àwọn àgbà wọ̀nyẹn yé mi: ní 1918, wọ́n rí i kedere pé oògùn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àdúrà nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ibà kì í ṣe lùkúlùkú. Oògùn wà fún un, àwọn ọmọ tí kò rí i lò sì ń kú. Níbi tí àdúrà ti ń lé ènìyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìwòsàn, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí Òkè-Ooye là.

Isaac Babalọlá Akínyẹlé ni aṣáájú tó yẹ kí a túbọ̀ wádìí. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Christ Apostolic Church. Òǹkọ̀wé ìtàn Ìbàdàn ni, kì í ṣe wòlíì. Láàrin ìgbìmọ̀ tí Babalọlá ti jẹ́ ajíhìnrere, ipò ààrẹ wà lọ́wọ́ Akínyẹlé, agbára ìsọjí wà lọ́wọ́ wòlíì, àwọn méjèèjì sì jókòó sí tábìlì kan náà. Mo rò pé ìyẹn wà lára ìdí tí ìjọ náà kò fi fọ́ yánkanyànkan nígbà tí Babalọlá kú ní 1959. Ní 1955, Akínyẹlé gorí ìtẹ́ Olúbàdàn. Ó wà lórí ìtẹ́ àti ní ipò ààrẹ títí ó fi kú ní 1964.

Christ Apostolic Church kọ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, títí dé yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Babalọlá ní Ìkéjì-Àràkéjì láti 2006. Àwọn Aládùúrà mìíràn ré kọjá òkun: Adélékè Adéjọbí gbé ìjọ Church of the Lord, èyí tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, lọ sí Sàró ní 1947 àti sí London ní 1964. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ̀n nínú òtútù rí ẹni tí yóò dárúkọ wọn nínú àdúrà ní èdè wọn.

Ṣùgbọ́n lónìí, ibi tí ìbáṣepọ̀ àdúrà àti aráàlú ti lágbára jù lójú mi ni ilé àgbẹ̀bí ìjọ. Aláboyún tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ń lọ síbẹ̀, torí pé wọn yóò pè é ní orúkọ, wọn yóò gbàdúrà sórí omi fún un, wọn kì yóò sì jágbe mọ́ ọn nígbà tó bá ń rọbí. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ náà ń darí ìjọ lọ́nà tí ìwé ìpàdé kì í kọ sílẹ̀. Àwọn tó sàn jù nínú wọn mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, wọ́n á pe mọ́tò, wọ́n á gbé aláboyún lọ sí ọsibítù, wọ́n á sì máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.