Iná Amsterdam àti Òfin Ààbò Dátà

Ní alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1943, àwọn ọkùnrin kan tó múra bí ọlọ́pàá wọ ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ará ìlú Amsterdam sí. Willem Arondeus, ayàwòrán, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Wọ́n gún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì dáná sun káàdì inú ilé náà.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ káàdì lásán? Kí ogun tó dé ni ìjọba Nẹ́dálándì ti ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ẹ̀sìn olúkúlùkù sílẹ̀, láìro ibi. Nígbà tí Jámánì gba orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1940, àkọsílẹ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń wá àwọn Júù kiri. Àwọn Júù ibẹ̀ tó kú lé ní 100,000.

Apá kan péré nínú káàdì náà ni iná jó. Ní oṣù Keje, wọ́n yìnbọn pa Arondeus àti àwọn mọ́kànlá mìíràn.

Ní ọdún 1970, ìpínlẹ̀ Hesse ní Jámánì ṣe òfin ààbò dátà àkọ́kọ́ ní àgbáyé. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023: ó ka ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbà ju èyí tó nílò lọ. Bí fọ́ọ̀mù kan bá wá bi ará ìlú ní ẹ̀sìn rẹ̀, ó yẹ kí òun náà béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti ọwọ́ ẹni tí yóò bọ́ sí lọ́la.