Iṣẹ́ tí Aṣọ Ṣe: Àwọn Ọmọ-Ogun Zouave nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861–1865

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni aṣọ aláràbarà tí àwọn Zouave wọ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àti pé ọta ìbọn ni ó tètè fòpin sí i. Àpilẹ̀kọ yìí tako èrò náà. Iṣẹ́ ni aṣọ ọ̀hún ń ṣe, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ yí padà bí ogun ti ń le sí i.

Ilẹ̀ Algeria ni orúkọ náà ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba Algiers ní 1830, wọ́n gba àwọn ọkùnrin Zwawa, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Kabyle, sí iṣẹ́ ogun. Aṣọ wọn jọ ti ìbílẹ̀ ibẹ̀: ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀, kóòtù péńpé, ọ̀já ìgbàdí àti fìlà pupa oníwajawaja. Nígbà tí ó yá, àwọn Faransé fúnra wọn ni ó kún inú ẹgbẹ́ náà, òkìkí wọn sì kàn nínú ogun Crimea (1853–1856).

Ní Amẹ́ríkà, Elmer Ellsworth ni ó sọ àṣà yìí di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 1860, ó kó àwọn ọ̀dọ́ Chicago rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi ìgbésẹ̀ ogun dárà. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1861, àwọn afínnúfíndọ̀ ni ìjọba gbọ́kàn lé. Láàrin àwọn panápaná New York ni Ellsworth ti kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ. Àwọn ará Louisiana náà dá ti wọn sílẹ̀ ní Gúúsù. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: aṣọ náà ni ó ń pe èrò wá.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 1862, nínú ìjà Bull Run ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ karùn-ún ti New York pàdánù ohun tí ó lé ní 300 nínú nǹkan bí 500 ọmọ-ogun, àti òkú àti ẹni tí ó farapa, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n wà ni ó pa wọ́n: ẹgbẹ́ méjì péré ni Warren ní níbẹ̀ nígbà tí ogun ńlá Longstreet ya lù wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ni ó fa ikú wọn, kò sí ìdí tí àwọn ọ̀gágun yóò fi tún fi irú rẹ̀ wọ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ní 1864, wọ́n fi aṣọ Zouave ta ẹgbẹ́ 155 ti Pennsylvania lọ́rẹ nítorí ìmọ̀ọ́ṣe wọn nínú ìgbésẹ̀ ogun.

Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ìpè ní 1861 ti di oyè ní 1864. Àwọn tí ó gbà á nígbà náà ti mọ ohun tí ogun jẹ́.