Ogún Ìyá: Agbára Àjogúnbá, Àlọ́ àti Ìfẹ́ Àkọ́kọ́ nínú Ìtàn-Àròsọ Ọ̀dọ́, 1938 sí 2018

Ìfáàrà

Ní ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ. Ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ní 2018, Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ tẹ̀ dó sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìwé méjèèjì yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti jáde yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí a kọ wọ́n fún kò sì jọ ara wọn. Síbẹ̀, ohun kan so wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyá ọmọ tí ó ń sọ ìtàn ní agbára tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù, a sì pa ìyá náà nítorí agbára yìí.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa ìtàn-àròsọ irú ti Fágúnwà ni pé ìrìn-àjò àti ẹ̀kọ́ ìwà ni òpó tí ó gbé e dúró, àti pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jẹ́ àfikún tí a fi ń tu òǹkàwé lára. Èrò yìí kò ṣàì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ìbéèrè kan wà ní ìpìlẹ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, èyíinì ni: kí ni kí ọmọ ṣe sí ogún tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá alágbára wá? A ó rí i pé ìfẹ́ ọ̀dọ́ ni ibi tí ìbéèrè náà ti sábà máa ń yọjú, àti pé ìdáhùn sí i yí padà láti ìran dé ìran. Nítorí náà, àlọ́ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó bọ́ sórí ìwé.

Àlọ́ ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n

Àlọ́ yìí tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a ti ń pa á níhìn-ín kọ́ ni a ti ń pa á lọ́hùn-ún. Ọdẹ kan lúgọ nínú igbó, ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi pamọ́ sínú ọ̀gán, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà gbé. Ó wá tọ obìnrin náà lọ, ó ní òun fẹ́ fi ṣe aya. Nígbà tí obìnrin rí i pé awọ òun ti bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ka èèwọ̀ kan fún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìpilẹ̀ òun bú òun. Ọdẹ fi awọ sí àjà. Obìnrin bímọ fún un. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn orogún rọ ọkọ ní ọtí yó, àṣírí sì tú. Orogún fi orin bú u pé awọ rẹ̀ ń bẹ ní àjà. Obìnrin gun àjà, ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó pa àwọn tí ó bú u, ó sì dá àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Kí ó tó padà sígbó, ó fi ìwo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa fi pe òun nígbà ìṣòro.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń pa àlọ́ yìí ní Ọya ni obìnrin náà. Títí di òní, ìwo ẹfọ̀n kò wọ́n lójúbọ Ọya, yálà nílé tàbí ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe òrìṣà kan náà ní Iansã.

Kókó mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì fún ohun tí ó kàn. Èkíní, ìpamọ́ ni ìfẹ́ inú àlọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀: ọkọ mọ ohun tí aya jẹ́, ó sì fi bò. Èkejì, ẹnu ẹni tí ó fẹ́ obìnrin náà gan-an ni àṣírí ti jáde. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ kò jogún awọ. Ìwo ni wọ́n jogún. Ohun tí ìyá fi sílẹ̀ fún wọn ni ọ̀nà tí wọn yóò fi máa ké sí i. Àlọ́ náà kò sì dá ìyá lẹ́bi pé ó jẹ́ ohun tí ó jẹ́.

Ọmọ àjẹ́ nínú ìwé ọdún 1938

Òkè-Igbó ni a bí Fágúnwà sí ní 1903. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ń ṣe nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Onígbàgbọ́ ni òun fúnra rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé ìjọ ni ó tẹ ìwé náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tí ó kà á jù. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń wo ọwọ́ tí ó fi mú ọ̀rọ̀ ìyá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, Àkàrà-ògùn sọ fún akọ̀wé ìtàn pé ọdẹ olóògùn ni bàbá òun, àjẹ́ sì ni ìyá òun. Ilé olórogún ni ilé wọn. Ìwà ìkà ni a sì kà sí ìyá lọ́rùn. Bàbá yin ẹran kan níbọn. Nígbà tí ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí apá kan sì jẹ́ ẹranko. Báyìí ni ìyá ṣe kú.

Ẹni tí ó bá mọ àlọ́ ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n yóò rí i pé àwọn ohun kan náà ni ó tún pàdé níhìn-ín: ọdẹ, orogún, obìnrin tí ó ń di ẹranko, ọmọ tí ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti yí padà. Obìnrin inú àlọ́ wọ awọ rẹ̀, ó sì lọ láàyè. Ti inú ìwé kú sínú awọ náà. Ìyá tí inú àlọ́ fi ìwo sílẹ̀. Ti inú ìwé kò fi ohunkóhun lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Oògùn ni ó hàn nínú orúkọ ọmọ náà, oògùn sì ni iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ bàbá.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ nìkan ni ó fa ìyípadà yìí. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù àjẹ́ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ìjọ kankan tó dé. Ṣùgbọ́n àṣà ìbílẹ̀ tí ó ń bẹ̀rù àwọn ìyá náà ni ó tún ń tù wọ́n, tí ó ń pè wọ́n ní ìyá, tí ó sì ń ṣe gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi yẹ́ wọn sí. Apá ti ẹ̀rù ni ó wọ ìwé ilé-ìwé. Apá ti ìtùnú kò rí ọ̀nà wọlé.

Nínú ìwé kan náà ni a ti rí Kàkó, akọni tí a so ìbí rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá inú igbó. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pè é sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó. Obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ. Kàkó sì pa á. Àwọn òǹkàwé ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìtàn, ohun tí ó hàn ni pé ní 1938, ìfẹ́ jẹ́ ohun tí ó ń dá akọni dúró lójú ọ̀nà.

Ìpadàsẹ́yìn ọdún 1949

Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní 1949, kò tẹ̀ síwájú láti ibi tí ìwé àkọ́kọ́ dúró sí. Ẹ̀yìn ni ó padà sí. Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni akọni rẹ̀, ìgbà èwe rẹ̀ sì ni a sọ. Nínú igbó ni ó ti pàdé Àjẹ́dìran, tí ó fẹ́ràn rẹ̀, tí ó sì fi ṣe aya. Orúkọ obìnrin náà gan-an jẹ́ gbólóhùn: àjẹ́ di ìran.

Bí a bá ka ìwé méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ohun ńlá ni èyí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ti mọ̀ láti 1938 pé ọdẹ yìí ni yóò yin aya rẹ̀ àjẹ́ níbọn, òun ni a tún mú padà wá wo ọdẹ kan náà nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ rí arẹwà nínú igbó, tí ẹnu rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ dídùn. Fágúnwà kò pa ìdájọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé kí obìnrin tó di ẹni ìkórìíra, ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ẹni ìfẹ́, àti pé ọkọ kò ṣàì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó mú un lọ sílé. Ìfẹ́ tí ó jẹ́ ìdènà ní 1938 ti di ẹnu ọ̀nà ní 1949.

Ìgbà tí igbó àti ìfẹ́ pínyà

Ní 1954, Amos Tutuola gbé irú ìbéèrè yìí wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú My Life in the Bush of Ghosts. Ọmọdé ni ẹni tí ó ń sọ ìtàn nígbà tí ó ṣìnà wọ igbó iwin. Níbẹ̀ ni ó ti dàgbà, tí ó fẹ́ arẹwà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ oṣó àti àjẹ́, tí wọ́n sì bí ọmọ kan. Ìjà wọn dá lórí ọmọ náà: ṣé ìwà ènìyàn ni yóò máa hù ni, tàbí ìwà iwin? Tutuola kò fi ìbéèrè náà pamọ́ rárá. Àríyànjiyàn tọkọtaya ni ó fi ṣe.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé Yorùbá, ìlú ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ń rọra yà sí. Àdììtú Olódùmarè ti ọdún 1961 fún ìfẹ́ Àdììtú àti Ìyùnadé ní àyè tí kò kéré, àárín ọmọ ènìyàn sí ọmọ ènìyàn sì ni ìfẹ́ náà wà. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde ní 1974, ìpínyà náà parí. Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó ìtàn. Àjàní àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́ta ni ọ̀ràn kàn. Kò sí iwin, kò sí irúnmọlẹ̀. Ìyá ṣì wà, ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó há ọmọ rẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju ti òbí lọ. Ohun tí ìwé náà jèrè kò kéré, nítorí ó fi hàn pé èdè Yorùbá gba ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ òde òní láìsí ìnira. Ohun tí a pàdánù ni ìbéèrè ti ogún.

Ìwé ọdún 2018

Adeyemi kò tọ́ka sí igbó Fágúnwà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ipá so ìwé rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé ìlú Salvador ní Brazil ni òun ti rí àwòrán àwọn òrìṣà nínú ilé ìtajà kan, tí ojú òun fi là sí wọn. Ọ̀nà yìí jìn: láti ilẹ̀ Yorùbá nínú ọkọ̀ ẹrú lọ sí Bahia, láti Bahia lọ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí Amẹ́ríkà tọ́ dàgbà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ pẹ̀lú pé pípa tí àwọn ọlọ́pàá ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà wà lára ohun tí ó mú òun kọ ọ́.

Zélie ni ọmọbìnrin tí ìtàn rẹ̀ dá lé. Ọba Saran ti pa ìyá rẹ̀ àti àwọn mìíràn tí wọ́n ní agbára òrìṣà. Irun funfun orí Zélie ni àmì pé ogún náà wà lára rẹ̀. Ìdílé Ọya ni ó ti wá. Ìrìn-àjò rẹ̀ ni láti dá agbára náà padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí ni Inan, ọmọ ọba tí ó pa ìyá rẹ̀. Inan alára sì wá rí i pé agbára tí bàbá òun ń pa ènìyàn nítorí rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun.

Gbogbo ohun tí àlọ́ ní ni ó tún pé síhìn-ín: ìyá Ọlọ́ya, ìfẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpamọ́, àṣírí tí ó tú láàárín olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1938, ẹ̀bi ni agbára ìyá. Ní 2018, ẹ̀tọ́ ni. Ọmọ àkọ́kọ́ ń la igbó kọjá láìfi ti ìyá ṣe. Ọmọ kejì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó wá ohun tí a gbà lọ́wọ́ ìyá lọ. Ìyípadà yìí kò ṣàdédé wáyé. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ tí a ń kọ́ láti jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wọn ń bọ. Ọmọ aṣíkiri ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ tí a ti mú jìnnà ná, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ìyàtọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò yẹ kí a fọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Nínú ìwé 1938 àti 1949, èdè Yorùbá ni a fi ń jà, òun ni a fi ń jẹun, òun ni a fi ń ṣàwàdà, òun náà ni Olówó-ayé fi kọ ẹnu ìfẹ́. Nínú ìwé 2018, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Zélie àti Inan fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Yorùbá ni a fi ń pe ọfọ̀. Ẹni tí ó dá ìyá láre ni ó fi èdè ìyá sí ojúbọ nìkan. Ẹni tí ó dá ìyá lẹ́bi ni ó jẹ́ kí èdè rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. Kò sí nínú òǹkọ̀wé méjèèjì tí ó ní gbogbo ogún náà lọ́wọ́ tán.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn-àròsọ ọ̀dọ́ tí ó jẹ mọ́ agbára àjogúnbá, àlọ́ àti ìfẹ́ àkọ́kọ́ ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ìdájọ́ lórí ìyá ni a fi lè tọpasẹ̀ ìtàn náà. Àlọ́ dá ìyá sí. Ìwé 1938 pa á. Ìwé 1949 rántí èwe rẹ̀. Ìwé 1974 gbé ìfẹ́ kúrò nínú igbó. Ìwé 2018 lọ gbẹ̀san ìyá. Bí a bá fi Ògbójú Ọdẹ sí ẹ̀ka ti Yorùbá, tí a sì fi ìwé Adeyemi sí ẹ̀ka ti Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wọ́pọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́, ìtàn yìí kò ní í hàn sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìwo ni ìyá inú àlọ́ fi sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa fi ké sí i. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ni láti kọ ìwé tí ọ̀dọ́ yóò ti gbọ́ ohùn ìwo náà ní èdè tí ìyá fi ń dáhùn.