Ohun Tí Kò Sí Nínú Tíkẹ́ẹ̀tì: Ọkọ̀ Òkun, Rélùwéè àti Àwọn Ìyá Wa ní Zaria

 

Inú àwòrán ni ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìrántí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní London máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sílé nígbà tí wọ́n bá lọ ṣe fàájì nínú ọkọ̀ òkun ńlá. Ọkọ̀ náà á gbé wọn yí òkun ká fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì dá wọn padà sí ibi tí ó ti gbé wọn. (Bí ẹnì kan bá sọ fún àwọn bàbá wa àtijọ́ pé òun sanwó ọkọ̀ láti padà sí ibi tí òun ti wọ̀ ọ́, wọn ì bá bi í bóyá ara rẹ̀ yá.) Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni Icon of the Seas, tí ó kọ́kọ́ gbé èrò ní Miami ní oṣù January 2024. Àjà 20 ni ó ní, ó sì lè gba èrò tí ó lé ní 7,000. Orin wà níbẹ̀, ijó wà, eré orí ìtàgé wà, odò ìwẹ̀ wà. Oúnjẹ kan wà tí owó rẹ̀ ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Òmíràn wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tún tọwọ́ bọ àpò kí ó tó fẹnu kàn án.

Èyí ni ó ń ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu, pé a ti sanwó tán, a tún ń sanwó. Kò ya àwa lẹ́nu rárá. Sabon Gari tí a ń gbé yìí, owó tí èrò ń san lẹ́yìn owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ó bọ́ ọ̀pọ̀ ilé inú rẹ̀, tí ó sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ inú rẹ̀ lọ sí ilé ìwé.

Zaria jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n nígbà kan rí, ọkọ̀ òkun ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti ìlú Liverpool ni ó ni àwọn ọkọ̀ tí ń kó lẹ́tà àti èrò láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mẹ́ta nínú wọn ni orúkọ wọn kún ẹnu aráyé: Accra tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, Apapa ní 1948, àti Aureol ní 1951. Aureol ni arẹwà wọn. Funfun ni wọ́n kùn ún, orúkọ òkè kan ní Freetown ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 14,083. Bí a bá to irú rẹ̀ 17 jọ, wọn kò tíì tó ọkọ̀ Miami tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá wọ Aureol ti wọ ọkọ̀. Láti Liverpool, ó ń ya Las Palmas, Freetown àti Takoradi kí ó tó gúnlẹ̀ ní Àpápá. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ìrìn náà.

Ibùsùn kíláàsì kìn-ín-ní inú rẹ̀ lé ní 250. Ti kíláàsì kẹta jẹ́ 76. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa, ẹ ó mọ ẹni tí wọ́n kan ọkọ̀ náà fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣòwò àti àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn ọmọ wa tí ń lọ kàwé, àwọn lọ́yà, àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́ wà nínú owó ọkọ̀. Ọtí ni kò sí nínú rẹ̀: èèyàn á mu ún, á fọwọ́ sí ìwé, á sì san gbèsè rẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Fún ìgbádùn, wọ́n ń jó lálẹ́, wọ́n ń wo sinimá, wọ́n ń wọ aṣọ ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan. Eré ẹṣin tún wà: ẹṣin onígi ni wọ́n ń tò sórí àjà ọkọ̀, wọ́n á da dáìsì, ẹṣin á sún síwájú, àwọn èrò á ta tẹ́tẹ́ lé e lórí bí ìgbà tí ẹṣin gidi ń sáré.

Ẹni tí a ti fi agogo pè sídìí tábìlì fún ọjọ́ 13 yóò rí ayé mìíràn nígbà tí ó bá ń bọ̀ lókè Ọya. Lóòótọ́, ìjọba kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ń dúró de èrò ọkọ̀ òkun ní Àpápá, tí ń gbé àwọn tí ń bọ̀ ní Kàdúná, Zaria àti Kánò lọ. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ilé oúnjẹ tí ń rìn lórí irin náà sì wà, tí ó ní aṣọ funfun lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti yàtọ̀. Lórí irin, tíkẹ́ẹ̀tì ń gbé ara èèyàn nìkan. Ẹni tí yóò bá jókòó sídìí tábìlì náà gbọ́dọ̀ san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó náà kì í sì í ṣe kékeré lójú akọ̀wé, kí a má tiì sọ ti alágbàṣe.

Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa kò bá ọkọ̀ alábùsùn yẹn wá. Kíláàsì kẹta ni wọ́n bá wá, lórí bẹ́ǹṣì onígi, pẹ̀lú àpótí, ẹní àti adìyẹ. Ọjọ́ 4 oṣù March 1901 ni wọ́n ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn. Irin náà dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Níbẹ̀ odò Ọya dí i lọ́nà, ọkọ̀ ojú omi sì ni ó ń gbé rélùwéè kọjá odò títí afárá fi parí ní 1916. Ní 1911, irin tí ó ti Èkó wá àti èyí tí ó ti Baró lọ sí Kánò pàdé ní Minna. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba so méjèèjì pọ̀ di ilé iṣẹ́ kan. Báyìí ni ọ̀nà ṣe là fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú láti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Zazzau láìfi ẹsẹ̀ rìn.

Láti Èkó dé Zaria fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà. Ta ni yóò fi ebi rin ìyẹn? Ìdí nìyí tí gbogbo téṣàn fi di ọjà. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí wọ́n ti ń kígbe lójú fèrèsé: ẹ̀kọ gbígbóná, mọ́ínmọ́ín, dùǹdú, ẹja Jẹ́bà. Bí ó bá kọjá odò Ọya, ohùn á yí padà, ó di fùrá dà núnú, máásà, kúlíkúlí, ìrèké. Èèyàn lè mọ ibi tí òun dé láìka pátákó téṣàn, kí ó ṣáà fimú gbóòórùn.

Kí ló wá mú ti Zaria yàtọ̀ sí ti Ọ̀fà tàbí ti Minna? Ìdáhùn wà nínú ìbú irin, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ gbọ́ ṣùgbọ́n tí a ó sọ. Ìbú ojú irin ńlá láti Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó tánńganran láti orí òkè Jọ́ọ̀sì, irin tóóró ni wọ́n tẹ́ láti Zaria, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínǹṣì 6. Ó dé Rahama ní 1912, ó sì dé Bukuru ní 1914. Ọkọ̀ ńlá kò lè gun irin kékeré. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi rélùwéè dé Jọ́ọ̀sì, títí di 1927 tí irin ńlá gba Kafanchan dé ibẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Zaria pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ó sì dúró de ọkọ̀ kejì. Ọ̀gá tí ó jẹun nínú aṣọ funfun lánàá gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Alágbàṣe tí ń lọ wa kùsà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní 1929, irin mìíràn tún ya láti Zaria lọ sí Kaura Namoda, àwọn tí ń lọ sí ìhà Ṣókótó náà tún di ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Irin tóóró náà ṣiṣẹ́ títí di 1957 kí wọ́n tó pa á tì.

Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ yóò jẹun. Kò lè sanwó ilé oúnjẹ inú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ti lọ. Ibi tí ìyá wa gbà wọlé nìyí. Ọkọ rẹ̀ ni rélùwéè gbà síṣẹ́, òun kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ó dìde ní òru, ó gbé ìkòkò kaná, ó se ẹ̀wà, ó dín àkàrà. Ẹ̀kọ ni ó le jù, nítorí ewé gbódógì kì í hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn; ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a fi rélùwéè gbé e wá láti ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, oúnjẹ á tutù, ó tún gbọ́dọ̀ gbé e kaná. Bí ó bá pẹ́ títí di ọjọ́ kejì, àwa ọmọ ni a ó jẹ ọjà náà, inú wa á dùn, inú tirẹ̀ kò ní dùn. Kò sí owó oṣù, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Tọ́rọ́ àti sísì ni ó ń kó jọ sínú ìlábùrù, ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ti ń wá. Ọ̀rọ̀ náà búkà gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn onílé wa ni a ti yá a: ahéré koríko ni bukka lédè Hausa. Abẹ́ irú ahéré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

A sọ̀rọ̀ orin lẹ́ẹ̀kan, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ijó àwọn òyìnbó nínú yàrá ńlá ọkọ̀ òkun kò kàn wá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ ń sùn, orin mìíràn wà. Láti Freetown ni Elder Dempster ti ń gba àwọn ọmọ Kru síṣẹ́, àwọn tí orírun wọn jẹ́ etí òkun Liberia. Àwọn wọ̀nyí mọ gìtá í ta, ìka méjì péré ni wọ́n ń lò, àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, wọ́n á ta á nídìí ẹmu, àwọn ọmọ etíkun á sì kọ́ ọ. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, Tunde King ti ń ta irú rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ń pè é ní jùjú. Bí ó ṣe tọ irin lẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀fà ni wọ́n bí I. K. Dairo sí ní 1930, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ilé wọn. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì kan ìlù àkọ́kọ́ fún un. Ọmọ káfíńtà yìí ni Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń fi jùjú ṣe ìsọmọlórúkọ ní Sabon Gari, orin tí ó wọ ọkọ̀ òkun láìní tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì kìn-ín-ní ni a ń jó sí.

Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Ọkọ̀ òfuurufú gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun. Accra kúrò lójú omi ní 1967, Apapa tẹ̀ lé e ní 1968. Aureol ṣí kúrò ní Liverpool ní 1972, ó ń ti Southampton wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró ní 1974. Rélùwéè náà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èrò lọ wọ mọ́tò, àwọn ìyá wa sì gbé ìkòkò tẹ̀ lé èrò lọ sí Kwangila. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Kánò tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù December 2012, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí kò rìn, nǹkan bí wákàtí 30 ni ó ń gbà lọ́nà, àwọn olóúnjẹ sì tún rí ojú fèrèsé tí wọn yóò dúró sí.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó orúkọ jọ. Orúkọ àwọn dírẹ́bà, akọ̀wé àti káfíńtà rélùwéè wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí orúkọ àwọn tí ó bọ́ èrò wà. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ bá ta oúnjẹ ní téṣàn Zaria, kí ó kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀, ìlú tí ó ti wá, ọdún tí ó dé bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ohun tí ó ń tà, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Bí àwòrán bá wà, ẹ mú un wá, a ó yà á, a ó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀.