Kí a tó gun Kilimanjaro: ohun tí ìtàn kọ́ wa nípa ìmúrasílẹ̀

Iṣẹ́ ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà mí lọ́wọ́ tí ẹ kò fi gbọ́ ohùn mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, olùkọ́ ni gbogbo wa, ń gbèrò láti lọ gun òkè Kilimanjaro ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àjàní, ogun wo ló dé tí o fi fẹ́ sá gun òkè?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ìtàn ni ìyá mi fi bi mí léèrè. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ogun bá lé ló ń sá tọ òkè lọ. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí ní 1830, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó sí. Ẹni tí kò bá sá fún ogun, ẹbọ tàbí àdúrà ló ń gbé e gun òkè. Kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ ra òtútù, kí ó sùn nínú àgọ́ fún òru mẹ́fà, kí ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo, ìyá mi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Àríyànjiyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa ló mú mi kọ àròkọ yìí. Inú ọgbà àbò ìjọba ni òkè náà wà. Ìjọba Tanzania dá ọgbà náà sílẹ̀ ní 1973, wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1977, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1987. Ojoojúmọ́ ni àlejò ń sanwó níbẹ̀, òru kọ̀ọ̀kan sì ní owó tirẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ọ̀kan nínú wa wá dá a lábàá pé ọjọ́ márùn-ún ti tó: kí a gba ọ̀nà Marangu, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé fún àwọn àlejò láti sùn, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ àgọ́. Ó ní, "Ṣebí apá ibẹ̀ náà ni òyìnbó tó kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ gbà, ó sì dé e." Ọ̀rọ̀ yìí ló lé mi padà sínú ìwé ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ní èdè Swahili, *mlima* ni òkè. Bí a bá sọ ọ́ di *kilima*, ó di òkè kékeré. Ẹ wo bí òkè tó ga jù ní gbogbo Áfíríkà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà, ṣe ń jẹ́ òkè kékeré! Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìyókù orúkọ náà. Àwọn kan ní inú èdè àwọn Chaga, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà, ni gbogbo rẹ̀ ti wá, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tó borí àwọn arìnrìn-àjò. Èmi kò lè dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kejì yìí bá ìtàn òkè náà mu gan-an.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848, Johannes Rebmann, ajíhìnrere ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán wá, rí nǹkan funfun ní orí òkè náà láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ CMS yìí kan náà ló rán Samuel Ajayi Crowther sí wa. Ọdún 1846 tí Rebmann gúnlẹ̀ sí etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà náà ni Crowther wọ Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì ló sì kó ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé. Rebmann bi amọ̀nà rẹ̀ léèrè pé kí ni funfun yẹn. Èsì tó gbà ni *baridi*, èyí tí í ṣe òtútù ní èdè Swahili. Amọ̀nà náà kò wá orúkọ fún un. Ohun tí ara ń rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ. Àwa náà rí irú ìṣòro yìí. Yìnyín tó ń bá òjò bọ́ ni àwọn baba wa mọ̀. Nígbà tí a ó túmọ̀ Bíbélì, a ní láti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí a tó rí "òjò dídì".

Nígbà tí ìròyìn Rebmann dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1849, onímọ̀ ilẹ̀ ayé kan tí ń jẹ́ William Desborough Cooley ta kò ó. Cooley kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, síbẹ̀ ó takú pé òjò dídì kò lè sí níbi tí oòrùn ti ń mú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iyàn náà fi lọ. Ní 1862, Karl Klaus von der Decken àti Otto Kersten gun òkè náà kọjá 4,000 mítà, wọ́n sì fìdí ọ̀rọ̀ Rebmann múlẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó fojú rí i ló jàre ẹni tó jókòó sí ilé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí òyìnbó tí ọ̀rẹ́ mi ń wí. Hans Meyer ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì ni. Òótọ́ ni pé ó dé orí òkè, ṣùgbọ́n ìgbà kẹta ni. Ní 1887, ó gùn ún títí ó fi kan ògiri yìnyín; kò ní irin-iṣẹ́ tí a fi ń gun yìnyín lọ́wọ́, ó sì padà. Ní 1888, kò tilẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè: ogun tí Abushiri gbé ko àwọn ará Jámánì ní etíkun ká a mọ́, wọ́n mú un ní ìgbèkùn, owó ni wọ́n fi rà á padà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Meyer wo ẹ̀yìn. Ó rí i pé oúnjẹ àti ibùsùn ló ń dá ènìyàn padà: ẹni tó bá kùnà lókè yóò tún sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ó tó jẹun, agbára rẹ̀ yóò sì ti tán.

Nítorí náà, ní 1889, ó mú Ludwig Purtscheller, ọmọ Austria tó mọ òkè gígùn dáadáa, lọ́wọ́. Wọ́n fi Marangu ṣe ibùdó ìsàlẹ̀, wọ́n sì pa àgọ́ sí ojú ọ̀nà, ọ̀kan lókè èkejì, títí dé nǹkan bí 4,300 mítà. Àwọn aláàárù ń gbé oúnjẹ gòkè wá sí àgọ́ wọ̀nyí ní gbogbo ìgbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n dé etí kòtò ńlá tó wà lórí òkè, ó rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ sì ti ń lọ. Bí ó bá jẹ́ 1887 ni, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgọ́ wà, oúnjẹ wà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sinmi, wọ́n sì tún gòkè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ni wọ́n dé ṣóńṣó rẹ̀.

Ta ni ń ṣọ́ àgọ́ òkè náà? Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mwini Amani ni, ará Pangani ní etíkun. Òun ló ń dáná, òun ló ń wá omi, òun ló sì ń dá wà nínú òtútù náà nígbà tí àwọn méjì yòókù bá lọ. Ní èrò tèmi, bí Mwini Amani bá bínú kúrò níbẹ̀, ọjọ́ kẹfà kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ọba Jámánì ni Meyer fi sọ ṣóńṣó náà, ó sì mú òkúta láti ibẹ̀ lọ fún ọba náà. Kò pé ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta 1900, tí ìjọba Jámánì so Mangi Meli, ọba àwọn Chaga ní Moshi, kọ́ sórí igi. Ní òru òmìnira Tanganyika, ní oṣù Kejìlá 1961, ọmọ ogun kan, Alexander Nyirenda, gbé ògùṣọ̀ àti àsíá dé ibẹ̀. Uhuru ni ṣóńṣó náà ń jẹ́ láti ìgbà náà, ìyẹn òmìnira.

Mo ka gbogbo èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ọ̀rọ̀ ara kún un. Ní orí òkè yẹn, atẹ́gùn tí ara ń lò kò ju bí ìdajì èyí tó wà ní etí òkun lọ. Orí á máa fọ́ ni, èébì á máa gbéni, bí a bá sì fi agídí gòkè, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, kí ó sì yọrí sí ikú. Àkókò ni ara ń fẹ́ kí ó lè mọ́ ọn lára. *Pole pole* ni àwọn amọ̀nà ibẹ̀ ń wí, ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́; àwa náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Ọjọ́ méje ni a ó lò, ọ̀nà Machame ni a ó gbà, inú àgọ́ ni a ó sì máa sùn. Ní ọjọ́ kẹta, a ó gòkè dé Lava Tower, bíi 4,600 mítà, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tí kò tó 4,000, kí ara lè tọ́ òkè wò kí ó sì sinmi nísàlẹ̀. A ó sùn ní Karanga ní òru kẹrin dípò kí a sáré kọjá. Àgọ́ tó gbẹ̀yìn kí a tó kọjú sí ṣóńṣó ni Barafu, èyí tí í ṣe yìnyín ní èdè Swahili. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni a ó lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀. Aṣọ òtútù àti àpò ìsùn tó nípọn ló wà lókè pátápátá nínú ìwé ẹrù wa. Mo kọ *baridi* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òfin ọgbà náà ni pé àlejò kò gbọdọ̀ gòkè láìsí amọ̀nà, àti pé ẹrù aláàárù kan kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kìlò 20 lọ. Àwa fi méjì kún un. Èkínní, owó àwọn aláàárù ni a ó kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kí a tó ná ohunkóhun mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kí ó dín in kù nínú bàtà tirẹ̀. Èkejì, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ó béèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wa ru ẹrù, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyára wa kò sì pọ̀ jù. Láti 1912 sí 2011, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín orí òkè náà ti yọ́ lọ. Ohun tí Rebmann rí láti òkèèrè, àwọn ọmọ wa lè má bá a níbẹ̀.

Mo padà lọ dá ìyá mi lóhùn. Mo ní kò sí ogun, ẹ̀kọ́ ni mo ń lọ kọ́. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó dára. Ẹni tó bá bá ọ ru ẹrù, fún un lóúnjẹ kí o tó jẹ." Wọn kò ka ìwé Meyer rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí a bá padà, ẹ ó gbọ́ orúkọ wọn níbí.

Ó dìgbà kan ná.