Ẹ̀rù Inú Sinimá

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méje, mo kọ oúnjẹ ìyá mi àgbà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi yá, n kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Sinimá ni ó fà á. Ní ilé aládùúgbò wa kan ni a ti wò ó, àwa ọmọdé bíi mẹ́jọ lórí ẹní kan ṣoṣo. Orúkọ sinimá náà ti fò lọ lórí mi, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé arúgbó obìnrin inú rẹ̀ tí ó gbé ẹ̀bà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì parẹ́ mọ́ wa lójú, tí ẹyẹ dúdú kan wá bà sí ibi tí ó ti dúró. Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà gbé ẹ̀bà síwájú mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó."

Ó pẹ́ tí mo ti ń wádìí ibi tí arúgbó yẹn ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orírun rẹ̀ kò lè ṣàì dé Ọ̀sọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a ti bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Ọlọ́pàá ni kí ó tó dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ ọ́n nípa eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dè ní ọdún 1964. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń gbé eré láti ìlú dé ìlú kí ó tó ṣe sinimá àkọ́kọ́ tirẹ̀, Aiyé, ní ọdún 1979. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, ni ó bá a darí rẹ̀. Jaiyésinmi tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Nínú méjèèjì, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́ tí ń da ìlú rú.

Ìtàn àjẹ́ kì í ṣe ohun tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé a fi ojú rí i. Lórí ìtàgé, bí òṣèré bá fẹ́ di ẹyẹ, yóò sá wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ ni, gbogbo wa a sì mọ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ ni ó wà. Sinimá kò ní ẹ̀yìn aṣọ. Ayàwòrán a dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Òṣèré a kúrò lójú rẹ̀. Ayàwòrán a tún tan ẹ̀rọ náà. Àlàfo àárín kò hàn sí òǹwòran, obìnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n náà ti gbó. Georges Méliès, ará Faransé, ti fi mú obìnrin kan parẹ́ lórí àga ní ọdún 1896. Ṣùgbọ́n onídán ni Méliès, onídán ni àwọn òǹwòran rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ọgbọ́n yìí bọ́ sọ́wọ́ ìtàn àjẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ohun tí òǹwòran bá wá láti ilé ni ó yàtọ̀.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn òyìnbó kan ti sọ ìdí mìíràn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a ti ń wo sinimá ní Èkó; Gbọ̀ngàn Glover ni a ti kọ́kọ́ fi hàn. Ní àwọn ọdún 1920, William Sellers, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, ń ya fíìmù nípa eku àti àjàkálẹ̀ àrùn láti fi kọ́ àwọn ará Èkó. Òun ni ó di olórí ẹ̀ka sinimá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní ọdún 1939. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí àwòrán bá ń yára yí padà, orí ènìyàn dúdú kò ní í gbà á, nítorí náà kí a máa ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí idán kankan. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ ìtàn àwọn ará oko kan tí a fi ẹ̀fọn ńlá hàn lórí aṣọ funfun, tí wọ́n ní irú ẹ̀fọn tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìlú tiwọn. N kò gba ìtàn yìí gbọ́ tán. Àwọn Faransé ní irú rẹ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin inú fíìmù tí ó lé àwọn ará Paris dìde lórí àga ní ọdún 1896, àwọn òpìtàn kò sì rí ẹ̀rí gidi kan fún un. Ẹni tí ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé òun wà lára àwọn tí ó sá.

Ní ìgbà Aiyé, inú gbọ̀ngàn ni a ti ń wò ó. Gbogbo ìlú ni ó jọ ń pariwo, gbogbo wọn ni ó sì jọ ń rẹ́rìn-ín ara wọn bí wọ́n ti ń lọ sílé. Ní ọdún 1986, ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀, náírà wó lulẹ̀, fíìmù tí a ń rà lókè òkun di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́. Fídíò gba ipò rẹ̀, ẹ̀rù sì ti gbọ̀ngàn wá sí pálọ̀, níbi tí ọmọdé ń sùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ Mount Zion tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ gbé Agbára Ńlá jáde. Adáhunṣe tí Ògúndé fi ṣe akọni ti di ọ̀tá níbẹ̀, ajíhìnrere ni ó borí. Òfin kan jáde ní ọdún 1993 tí ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa yẹ fíìmù wò, kí a sì máa kọ ọjọ́ orí tí ó tọ́ sí i lára. Ta ni yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ aládùúgbò wa kí ó máa bi wá ní ọjọ́ orí wa?

Akọni ń pààrọ̀ ipò. Arúgbó obìnrin wà ní ibi tí ó wà. Èyí sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ronú sí orúkọ tí Ògúndé jẹ́ nínú Aiyé. Ifá sọ pé nígbà tí àwọn òrìṣà ti ọ̀run dé, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Àwọn ọkùnrin kò kà á sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́, títí Olódùmarè fi ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣun ní bí oyún inú òun bá jẹ́ ọkùnrin, òun yóò gbà. Ọ̀ṣẹ́túrá ni ọmọ náà. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń sọ bí ayé ṣe dàrú nítorí pé a rí obìnrin fín ni Ògúndé gbé dìde sí àwọn obìnrin! N kò rò pé kò mọ̀ ọ́n. Bóyá ó rò pé àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí ó jókòó lórí ẹní kò mọ Ọ̀ṣun. Ìyá àgbà tí ó wà nílé ni ó mọ̀. Ìròyìn àwọn arúgbó tí a nà, tí a sì lé kúrò nílé nítorí pé ẹnì kan fura sí wọn, kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní ìsinmi Kérésìmesì tí ó kọjá, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bà náà fún ìyá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Àkànní, o rò pé n kò mọ̀ ni? Nígbà tí wọ́n gbé Aiyé wá sí ìlú wa, èmi náà lọ. Nígbà tí mo fi padà, ìyá ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìtílà, wọ́n ń dè mí. Mo kígbe, mo sì sá padà síta. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè jẹ ohun tí wọ́n sè."

Mo bi wọ́n pé kí ni ìyá náà wí.

"Wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n ń gbé e wá ní alaalẹ́, wọ́n á sì wá gbé e padà láàárọ̀." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọjọ́ tí o ní o ti yó, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí tìrẹ. Ìyá yẹn ni mo rántí."